Ìbọ̀sẹ̀ Nínú Ikùn Jìtá

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi tún jìtá ṣe láàárín Sharjah àti Dubai. Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Eruku pákó ló wọ̀ mí láyà. Dókítà ní tí mo bá ṣì fẹ́ máa mí bí èèyàn, kí n jìnnà sí i. Àwọn ọmọbìnrin ilé wa tó ń ro iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ṣì dára, bóyá ó tó ohun tí èèyàn ń fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe. Ẹnu mi kì í yá láwùjọ, ọdún méjì péré ni mo sì lò ní girama, síbẹ̀ ó rọ̀ mí lọ́rùn kí n kọ ọ́ ju kí n sọ ọ́ lọ. Iṣẹ́ náà dára. Àmọ́ n kò ní sọ ti dídára rẹ̀ nìkan. Màá sọ bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ ọ̀gá mi lọ́wọ́ nítorí pé mo pa ẹnu mọ́.

Àǹtí mi, Àǹtí Rísíkà, ló mú mi wá sí Sharjah. Ọjà ni wọ́n ń rà ní Deira, tí wọ́n ń kó lọ sí Èkó nínú kọ̀nténà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa di ẹrù. Òfin kan ṣoṣo ni Àǹtí ní: ihò kankan kò gbọdọ̀ ṣófo. Ààyè tí ẹrù gbà ni wọ́n ń sanwó fún nínú ọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe ìwúwo rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìkòkò òfìfo ránṣẹ́, afẹ́fẹ́ ló fi ránṣẹ́. Nítorí náà, ìkòkò kékeré á wọ inú ńlá, ṣíbí á wọ inú kékeré, pátá ọmọdé á wọ inú kẹ́túlù, lọ́fíńdà á wọ inú bàtà. Mo mọ̀ ọ́n ṣe gan-an. Àǹtí máa ń fi mí yangàn fún àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ wọn pé ọwọ́ Sìdí kéré, ibi tí ọwọ́ ẹlòmíì ò dé, tiẹ̀ ń dé ibẹ̀.

Ọwọ́ kékeré yẹn náà ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá Akínpẹ̀lú. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Al Qusais, láàárín ẹni tó ń ta táyà àti ilé ìfọṣọ kan. Ará Abẹ́òkúta ni wọ́n. Káfíńtà ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún jìtá ṣe. Àǹtí rán mi sí wọn pé kí wọ́n bá wa kan àpótí kan. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbọn jìtá kan síwá sẹ́yìn. Ìṣó kékeré kan ti já sínú rẹ̀, kò sì jáde. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì mí. Nígbà tó pẹ́, mo kàn na ọwọ́ bọ ihò jìtá náà, mo sì mú ìṣó jáde. Bàbá wo ọwọ́ mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ọmọ ta nìyí?" Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn àti Àǹtí ti sọ ọ́ tán: ọ̀dọ̀ Bàbá ni n ó ti máa ṣiṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi ni n ó máa di ẹrù. Ohun tí wọ́n ń san fún mi tó mi jẹ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Jìtá tí à ń tún ṣe kì í ṣe ti olówó. Jìtá àtijọ́ olówó pọ́ọ́kú ni, èyí tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu ní ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí orúkọ tó wà lára wọn ti pa rẹ́. Níbí, físà ló ń dá ọjọ́ ìrìnàjò fún èèyàn. Bí ti ọmọ Filipino tàbí ọmọ Kenya kan bá tán, á ta bẹ́ẹ̀dì, á ta fáànù, jìtá ló máa ń gbẹ̀yìn. Bàbá á rà á, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì tà á fún ẹlòmíì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àárò ilé ń sọ. Mo mọ jìtá kan tó gba ọwọ́ wa kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àwọn ìgbà kan wà tí Bàbá ò ní rà á. Obìnrin Filipino kan tó ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ gbé tirẹ̀ wá, ó gbé e lé orí tábìlì, ó ń sọ iye rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára ọrùn jìtá náà. Bàbá sọ fún mi ní Yorùbá pé kí n wo ọwọ́ yẹn. Wọ́n bá obìnrin náà fi páálí àti aṣọ dì í dáadáa fún ọkọ̀ òfuurufú, wọn ò gba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn tó lọ, wọ́n ní ohun tí èèyàn ò tíì fi sílẹ̀, wọn kì í rà á lọ́wọ́ ẹni náà.

Bàbá kì í fi ojú díye lé jìtá. Wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á wo ọrùn rẹ̀ láti orí dé ìdí bí káfíńtà ṣe ń wo pákó bóyá ó tẹ̀. Wọ́n á fi oríkèé ìka kàn án. Wọ́n á fi imú sí ihò rẹ̀ bóyá òórùn ọ̀rinrin wà níbẹ̀. Ọ̀tá méjì ni jìtá ní ní Dubai: ooru ìta tó ń wú u, àti atẹ́gùn tútù éèsì inú ilé tó ń gbẹ ẹ́. Èyí tó wọ́n, tí wọ́n fi ojúlówó pákó kan ṣoṣo ṣe ojú rẹ̀, ló máa ń tètè là. Èyí tí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta lẹ̀ pọ̀, tí àwọn èèyàn ń pè ní yẹpẹrẹ, á wà níbẹ̀ bí ìyá àgbà tí kò sí ohun tí ojú rẹ̀ ò rí rí.

Ọ̀gbẹ́ni báńkì kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, gbé jìtá àtijọ́ kan wá láti Al Majaz. Ó ti rí i lórí fóònù pé irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lówó lórí, ó sì fẹ́ kí Bàbá fi síńpépà ha gbogbo ọ̀dà rẹ̀, kí wọ́n kùn ún kó máa dán. Bàbá bi í pé kí ló họ ojú jìtá náà lókè ihò. Ó ní èékánná ìyàwó òun ni, pé ìyàwó náà ló máa ń ta á.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n ha ìyàwó yín kúrò ni?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ẹ ra okùn tuntun. Ẹ máa lọ sílé, habibi."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n le. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan irin iṣẹ́ kankan. Iṣẹ́ mi ni kí n di ojú, kí n ti ọwọ́ bọ inú jìtá, kí n sọ ohun tí mo bá níbẹ̀. Àwọn ọ̀pá igi tín-ín-rín wà nínú ikùn jìtá tó gbé ojú rẹ̀ ró, bí igi àjà ṣe gbé òrùlé. Àwọn ni mo ń kà. Èwo ló dúró, èwo ló mì, gọ́ọ̀mù ibo ló ti gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá á kan jìtá lẹ́ẹ̀kan, èmi á sọ ohun tó ń ṣe é. Bí mo bá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n á kẹ̀yìn sí mi, wọn ò ní yíjú padà títí n ó fi sọ ọ́ sókè. Mo sunkún nítorí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Al Nahda. Wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ọwọ́ mi mọ́, etí mi mọ́. Ẹnu ni kò mọ́.

Nígbà tí mo dé, fèrè kékeré kan ni Bàbá fi ń wá ohùn okùn. Dígí àti tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń wo inú. Gọ́ọ̀mù wọn, awọ ẹran ni wọ́n fi ń sè é nínú agolo tí wọ́n gbé sínú omi gbígbóná. Òórùn rẹ̀ ò dára, ṣùgbọ́n bó bá di igi mú, ó di í mú. Nígbà tó yá, gbogbo oníbàárà ń fi fóònù wá ohùn okùn. Kámẹ́rà wà tó dà bí okùn bàtà, tí à ń kì bọ ihò, tí àwòrán inú á sì yọ lójú fóònù. Ẹni tó ń ta irinṣẹ́ fún wa ní kí Bàbá gba gọ́ọ̀mù inú ike, pé gọ́ọ̀mù awọ ò lè fara da ooru ìlú yìí. Bàbá ní ọwọ́ wọn ló mọ gọ́ọ̀mù awọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

Ọdún karùn-ún mi ni Sísítà Bùnmi wá. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ní Al Nahda ni wọ́n ń gbé. Àwọn àti ọkọ wọn, Ẹ̀gbọ́n Délé, ló jọ ra jìtá kan nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Sharjah, tí wọ́n jọ ń gbé bedspace, yàrá àpapọ̀ tí kálukú ti ń san owó bẹ́ẹ̀dì nìkan. Ọkọ wọn ti padà sí Ìbàdàn nígbà náà, àrùn rọpárọsẹ̀ sì ti kọ lù wọ́n. Apá òsì ò gbé, ọ̀rọ̀ ò já geere. Sísítà fẹ́ fi jìtá náà ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀pá kejì nínú ikùn rẹ̀ ti ṣí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì lẹ ọ̀pá náà fúnra wọn. Inú ẹrù Àǹtí Rísíkà ni yóò bá lọ, èmi ni n ó sì dì í.

Mo dẹ okùn rẹ̀ bí Bàbá ṣe kọ́ mi. Mo fi aṣọ wé ọrùn rẹ̀. Àǹtí yọjú, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Sìdí, ikùn ńlá yẹn ńkọ́? Ṣé afẹ́fẹ́ la fẹ́ kó lọ sí Èkó?"

Bàbá ò sọ fún mi rí pé kí n má ki nǹkan sínú jìtá. Ta ni yóò rò ó láti sọ irú ẹ̀? Ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé wà nílẹ̀, wọ́n so wọ́n ní méjì-méjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti wọ́n bọ inú ihò, mo ń fi ìka tò wọ́n sí kọ̀rọ̀. Nígbà tó di méjìlá, inú ti kún. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ "kẹ́." Ó kéré. Èmi tí wọ́n fi oṣù mẹ́rin kọ́ láti gbọ́ nǹkan, mo gbọ́ ọ, mo sì sọ fún ara mi pé kì í ṣe nǹkan kan. Mo tún ti mẹ́fà wọlé.

Kọ̀nténà náà pẹ́ lójú omi. Ní Èkó, àwọn ọmọ Àǹtí fa ìbọ̀sẹ̀ wọn jáde, wọ́n fi jìtá ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan, Sísítà Bùnmi wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ojú jìtá ti wú bí ikùn, ó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀pá igi kan sì ń fì nínú ihò. Bàbá wọ awò ojú, wọ́n wò ó títí.

"Ọ̀pá kejì ni," ni wọ́n wí. "Èyí tí mo lẹ̀."

Sísítà ò bínú, wọ́n ní bóyá àwọn ará kágò ló sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Bàbá ní rárá, pé ẹni tó ń ta irinṣẹ́ ti sọ ọ́, ooru ló yọ́ gọ́ọ̀mù awọ, agídí àgbà ló fà á. Wọ́n bẹ Sísítà bí ọmọdé. Mo wà níbẹ̀. Mo ń gbá ilẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá ò gba jìtá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí wọ́n bá gbé e wá, wọ́n á ní ọwọ́ àwọn ti lọ. Wọ́n á na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú, wọ́n á máa wò wọ́n bóyá wọ́n ń gbọ̀n. Wọn ò gbọ̀n. Wọ́n sọ fún onílé pé tí oṣù tó ń bọ̀ bá parí, àwọn á kó jáde, àwọn á máa lọ sílé. "Khalas," ni wọ́n wí, bí ẹni ń sọ pé omi ti tán.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi wò wọ́n. Ẹ̀rù Bàbá bà mí, ẹ̀rù Àǹtí bà mí, ti kí n ṣáà la ẹnu ló bà mí jù. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Òwe yẹn ni mo fi bora. Lójoojúmọ́ ni mo ń pinnu nínú bọ́ọ̀sì pé òní ni, ṣùgbọ́n tí mo bá dé, màá kàn kí wọn, màá mú ìgbálẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, mo bá wọn tí wọ́n ń fi epo pa àwọn irin iṣẹ́ wọn lára, tí wọ́n ń wé wọn sínú aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n na èyí tó kéré jù sí mi, wọ́n ní kí n máa mú un lọ, pé n ó rí ọ̀gá tó dáa ju àwọn lọ. N kò lè gbà á.

"Bàbá, kì í ṣe gọ́ọ̀mù yín."

Wọ́n ń wé irin lọ.

"Bàbá, ìbọ̀sẹ̀ ni. Èmi ni mo ki ìbọ̀sẹ̀ sínú ẹ̀."

Wọ́n yíjú. "Ìbọ̀sẹ̀?"

"Ti ọmọdé, sà."

"Mélòó?"

"Méjì-méjì lọ́nà méjìdínlógún."

Bàbá jókòó. Mo kúnlẹ̀, mo ń sunkún. Ohun tí mo retí ni kí wọ́n lé mi, kàkà bẹ́ẹ̀ wọ́n bi mí pé ibo ni mo tò wọ́n sí, mo sì sọ. Wọ́n ní nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ṣé mo gbọ́ nǹkan kan. Mo ní mo gbọ́ ọ. Wọ́n ní báwo ló ṣe dún. Mo ní, "Kẹ́."

Ohùn Bàbá wálẹ̀. "Sìdí, fara balẹ̀. Ṣé gọ́ọ̀mù ló dún, àbí igi?"

Mo di ojú. Mo tún gbọ́ ọ.

"Igi ni, sà. Gọ́ọ̀mù kì í dún bẹ́ẹ̀. Gọ́ọ̀mù á fà kó tó já."

Bàbá tún na ọwọ́ wọn síwájú, wọ́n wò ó, wọ́n fi nu ojú. Mo ní ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà ló bà mí, pé ẹyin lọ̀rọ̀. Bàbá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹyin ni. Ṣé o mọ bí ẹyin tí wọ́n fi pa mọ́ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún nínú ooru Dubai ṣe ń rùn?" N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín.

Wọ́n bínú náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọn ò bínú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi fọwọ́ kan jìtá. Wọ́n sì ní èmi fúnra mi ni n ó lọ sọ fún Sísítà Bùnmi. Mo lọ. Mo sọ ọ́ lójú ọ̀nà ilé wọn, kí wọ́n tó sọ pé kí n wọlé. Sísítà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní nígbà tí jìtá dé Ìbàdàn, ọkọ wọn wo ikùn rẹ̀, ó ní kí àwọn bi Bàbá pé ta ló fún un lóyún.

"Àwàdà àkọ́kọ́ tó ṣe láti ọjọ́ tí àìsàn yìí ti dé nìyẹn," ni wọ́n wí. "Àmọ́ ẹ bá mi tún un ṣe o, Sìdí. Àwàdà nìkan kọ́ ni mo fẹ́ kó máa fi ṣe."

Oníṣòwò kan tó ń bọ̀ láti Èkó bá wa gbé e padà lọ́wọ́. Bàbá ti kámẹ́rà bọ inú rẹ̀, àwa méjèèjì dorí kọ fóònù. Ibi tí Bàbá fi gọ́ọ̀mù sí ṣì di igi mú pinpin. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni igi ti ya, ó sì fi fọ́nrán tirẹ̀ sílẹ̀ lára gọ́ọ̀mù. Bàbá wò ó pẹ́. Wọ́n ní kí n gbé omi kaná fún agolo gọ́ọ̀mù. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé a ò ní kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù.

Èmi ni mo lẹ ọ̀pá tuntun náà, Bàbá ń sọ bí n ó ṣe ṣe é. Wọ́n wá tún okùn rẹ̀ tò kí gbogbo wọn máa dún pọ̀ bí orin kan láì sí ẹni tó tẹ̀ wọ́n lọ́rùn, nítorí ọwọ́ òsì Ẹ̀gbọ́n Délé. Ọwọ́ ọ̀tún tó. Nígbà tó padà dé Ìbàdàn, ikùn rẹ̀ ṣófo. Àǹtí Rísíkà fúnra wọn ló kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ki nǹkan sínú ẹ̀.

Bàbá tún ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn. Ọdún márùn-ún tí mo fi dá wà lẹ́yìn wọn ò ní ìtàn púpọ̀: mo ra, mo tún ṣe, mo tà, mo ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo gba gọ́ọ̀mù inú ike nígbà tí agbára àtisè ò sí mọ́. Bí ẹ bá ń ro iṣẹ́ yìí, ẹ fi nǹkan bo imú láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Èmi ò fi bò ó.

Ọjọ́ tí Bàbá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni mo fẹ́ fi parí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí jìtá àtijọ́ kan fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan ní Sharjah. Wọ́n ta á, ó dùn mọ́ wọn, wọ́n gbé e fún mi. Mo ta á.

"Bàbá, okùn kẹta ń kùn."

Wọ́n gbà á, wọ́n ta okùn náà. Wọ́n fi àgbọ̀n ti ara jìtá, wọ́n tún ta á. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ọ. Mo rò pé mo tún ti ṣe wọ́n léṣe. Bàbá bi mí pé báwo ló ṣe pẹ́ tó tí mo ti gbọ́ ọ kí n tó sọ.

"Kò pẹ́, sà. Bó ṣe dún ni mo sọ."

Bàbá tú aṣọ iṣẹ́ tó wà nídìí wọn. Wọ́n ká a, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Ojú wọn mọ́lẹ̀ bí ti ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Tún un ṣe." Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n pe ọmọ wọn ní Abẹ́òkúta pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún yàrá àwọn ṣe, pé àwọn ń bọ̀ wálé, àti pé rárá, kò sí nǹkan kan tó ṣe àwọn.

Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ nígbà tí mo parí. Mo ta okùn kẹta, ó mọ́. Mo ta gbogbo wọn. Bàbá mú fóònù kúrò létí, wọ́n gbé e sún mọ́ ihò jìtá náà.

"Ẹ gbọ́," ni wọ́n ń wí fún àwọn ará ilé. "Sìdí nìyẹn."